Oògùn Ọkàn Tí Ọ̀rẹ́ Méjì Fi Ṣe Pàṣípààrọ̀

Bíríkìlà kan wà ní Ìpetumodù tó ń jẹ́ Ọlálérè. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ ọkùnrin náà yá níbi iṣẹ́, kì í sì í bá èèyàn jà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í gbé orí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, abọ́ ẹni tó jókòó tì í ni yóò kọ́kọ́ wò. Moríyíkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó bí Ìdòwú fún un, bá a wí títí ó fi sú u.

Ó ń rẹ́ ògiri lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un pinpin, bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e. Òógùn bò ó. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Àrínọlá, obìnrin tó ń tọ́jú àrùn ọkàn, ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn rẹ̀. Orí kó o yọ. Àṣé Sàùbánà télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé tirẹ̀ nítorí àìsàn kan náà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, dókítà fún àwọn méjèèjì ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n oògùn wọn kò dọ́gba. Ti Ọlálérè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ti Sàùbánà jẹ́ tuntun tó le, òwúrọ̀ àti alẹ́ ni yóò máa lò ó.

"Dókítà," ni Ọlálérè wí, "èwo ló dára jù nínú méjèèjì?"

Dókítà mí kanlẹ̀. Kò tíì rí àyè jókòó láti àárọ̀. "Bàbá, tiwọn lágbára ju tiyín lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá le báyẹn, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dà. Ẹ sì sọ fún mi pé ọgbẹ́ inú yín ti ṣẹ̀jẹ̀ rí. Àwọn ní tiwọn, wọ́n ní àtọ̀gbẹ, a sì ti fi wáyà tín-ín-rín sínú iṣan ọkàn wọn kó lè máa ṣí sílẹ̀. Bí oògùn wọn ò bá le, ẹ̀jẹ̀ lè dì síbẹ̀. Kí kálukú lo tirẹ̀ o."

Ọlálérè ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà.

Nígbà tó délé, àárẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi. Bó bá rìn dé ẹ̀yìnkùlé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo ìgbà tó bá gbé oògùn rẹ̀ mì ló ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé èyí tí kò múná ni wọ́n fún òun. Sàùbánà náà ń ráhùn. Oògùn tirẹ̀ a máa mú kí èémí rẹ̀ ṣe ségesège nígbà mìíràn.

"Jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀," ni Ọlálérè wí fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tí Sàùbánà ti ń ránṣọ. "Ìwọ á sinmi, èmi á lókun."

Sàùbánà wo oògùn náà títí. "Ṣé kò ní sí nǹkan?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Ṣebí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe."

Ó ti rẹ Sàùbánà. Ó gbà.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọgbẹ́ inú Ọlálérè fi ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí ó fi ṣubú ní balùwẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ti lajú, tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí i lára. Moríyíkẹ́ mú páálí oògùn Sàùbánà tó bá lápò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọlálérè kò lè purọ́ mọ́, ó jẹ́wọ́.

"Ẹ pe Bàbá Sàùbánà kíákíá!" ni Dókítà Àrínọlá wí. "Kí wọ́n máa bọ̀ níbí lójú ẹsẹ̀!"

Moríyíkẹ́ kò dìde. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá Ìdòwú, wọ́n ti sin ín lánàá. Àyà ló fún un pa lórí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ẹ ò tíì mọ ara yín nígbà yẹn."

Nígbà tí ara Ọlálérè yá, ó lọ bá opó Sàùbánà, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe láìfi ọ̀kan pamọ́ fún un. Ó retí pé yóò pariwo, tàbí pé yóò ṣépè. Obìnrin náà dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa lọ sílé, Bàbá Ìdòwú," ló wí. "Ó ti rẹ̀ mí."

Ọlálérè ṣì wà láyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ń lo oògùn tirẹ̀, kò sì jẹ́ bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ti ẹlòmíràn ló dára jù.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: oògùn tó bá ara ẹni mu ni oògùn tó dára. Ẹ má fi ohun tí wọ́n fún yín wé ti ẹlòmíràn títí ẹ ó fi sọ tiyín nù, ẹ má sì fa ẹni tó ti rẹ̀ wọ inú ojúkòkòrò yín. Àwọn àgbà ní ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Àìsàn Ọlálérè jọ ti Sàùbánà, ara wọn ni kò jọra.