Trudy Ti Gbóná

Vernon Tackett kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń sọ ti àwọn méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin náà sùn lọ níwájú bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, tí ó la ẹnu, tí ó ní, "Rọra, Trudy. O ti ń gbóná jù," Joleen gbé àwo tí ó ń nù sílẹ̀, ó dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Vernon ń hanrun.

Iṣẹ́ omi gbígbóná ni Vernon ń ṣe. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yẹn jẹ́ ti Lorna Hix, opó kan tí ó gba àṣẹ ìjọba Oregon láti máa fún òróró lára ewé igbó tí àwọn ènìyàn ń fà, lẹ́yìn ìlú Grants Pass. Àgbá irin tí wọ́n fi ń fún òróró náà gbọ́dọ̀ gbóná, ṣùgbọ́n iná kò gbọdọ̀ wọ yàrá rẹ̀, bí a kò bá fẹ́ kí òrùlé bá ẹyẹ lọ. Inú ahéré pánù kan lóde ni bọ́ílà, ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, ń gbé. Páìpù á gbé omi gbígbóná lọ yí àgbá ká, á sì gbé e padà wá. Omi kan náà ni nígbà gbogbo. Kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà jáde.

"Bí omi ibẹ̀ bá dín," Vernon máa ń wí, "ibìkan ń jò."

Joleen mú ọ̀rọ̀ Trudy lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bernadine, tí ó ti kọ ọkọ mẹ́ta, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀ràn ọkọ ẹlòmíràn.

"Trudy," ni Bernadine wí. "Orúkọ yẹn nìkan, ó ti kun ètè."

"Bóyá ó kàn ń lálàá ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Òórùn wo ló ń gbé bọ̀ wálé?"

Joleen rò ó. "Ọṣẹ."

"Ẹni tó ń rá pálá lábẹ́ páìpù láti àárọ̀, òórùn ọṣẹ?" Bernadine mi orí. "Àbúrò mi, ọkọ ẹ ń jò."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ṣẹ́ẹ̀tì tí Joleen kò gbóòórùn. Ó ń wo gbogbo obìnrin tí ó bá tò síwájú rẹ̀ nílé ìtajà, ó ń wá Trudy lójú wọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Trudy ga. Nígbà tí yóò fi di Tọ́sìdeè, Trudy ti ní eyín funfun, ìbàdí, àti ọkọ̀ tirẹ̀. Joleen kórìíra ọkọ̀ náà jù.

Nígbà tí ó di Sátidé, Vernon gbé ọ̀pá ìpẹja, ó lọ sí odò. Joleen wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Lorna. Ó bá opó náà lẹ́nu ọ̀nà, nínú kóòtù àti ìbọ̀wọ́.

"Ta ni Trudy?" Kò tilẹ̀ kí i.

Lorna wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ni ìyàwó Vernon. Ṣé ìjà lo bá wá?"

"Mo fẹ́ rí i ni."

"Tẹ̀ lé mi, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ó sanra díẹ̀ o. Má sọ pé mi ò sọ fún ẹ."

Nínú ahéré ni bọ́ílà dúró sí, ó rí rìbìtì. Ọ̀dà pupa ni Vernon fi kọ ọ́ sí i níkùn: TRUDY.

"Ó ní gbogbo bọ́ílà tóun bá gbé kalẹ̀ lòun máa ń sọ lórúkọ," Lorna wí. "Ṣé kò sọ fún ẹ ni?"

Kò sọ fún un rí. Joleen rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò igbó gbígbẹ. Ó dìde, ó gbá Trudy nídìí. Irin náà tutù.

"Ìwọ lo fẹ́ gba ọkọ mi? Oníkùn ńlá."

Lorna da kọfí fún un láti inú fúláásì. "Mu ún, òtútù ibí kì í ṣeré. Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, à ń retí àwọn kan láti ìlú."

Nígbà tí Joleen délé, òórùn igbó ara kóòtù rẹ̀ lé ajá kúrò lórí àga. Ìta ni ó fi kóòtù náà kọ́ sí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, ó ní, "Mo ti rí Trudy."

Vernon gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Níbo?"

"Nínú ahéré Lorna. Ó sanra gan-an ni."

Vernon tún gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì pẹ́ kí ó tó dákẹ́.

Àlàáfíà wọlé. "Trudy ńkọ́?" Joleen á bèèrè, Vernon á ní, "Ó gbóná dáadáa," tàbí, "Ó yọ mí lẹ́nu lónìí, mo ní láti dúró tì í títí ara ẹ̀ fi balẹ̀." Joleen bẹ̀rẹ̀ sí í di búrẹ́dì méjì fún un, ọ̀kan ti Trudy, kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín. Ó tilẹ̀ ṣe páì ápù. Vernon gbé àwo rẹ̀ padà wálé ní fífọ̀, òun tí kò fọ àwo rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra.

"Òórùn ọṣẹ náà ńkọ́?" ni Bernadine bèèrè.

"Ó ń wẹ̀ kó tó wálé nítorí tèmi. Ẹ̀yin ò kàn mọ ọkọ rere ni."

Lọ́jọ́ Fúráìdeè kan, Vernon wo fóònù rẹ̀, ó dìde, ó gbé páì. "Trudy ti gbóná," ó wí. Joleen ní kí ó bá òun kí i. Kò pẹ́ tí ó jáde ni fóònù ilé dún, Lorna ni.

"Joleen, bá mi sọ fún ọkọ ẹ, ojú ẹ̀ ti wọ́n wa láti ìgbà tó ti parí iṣẹ́: àwọn elégáàsì tí à ń retí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá so páìpù wọn mọ́ Trudy láàárọ̀ yìí ni, kó wá tan iná sí i fún ìgbà àkọ́kọ́."