Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin, Lóṣù Keje

Bàbá Su-chiao kò fẹ́ kí ọmọbìnrin òun lọ rárá. Oṣù keje ni wọ́n wà, oṣù tí wọ́n gbà nílùú wọn pé àwọn òkú máa ń jáde wá rìn. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní òkú nínú oṣù náà. Àwọn Arákùnrin Rere ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, kí inú má baà bí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ gé ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ṣúgà tí wọ́n pa tì, kí wọ́n sì kó irin rẹ̀ lọ. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Su-chiao ti ń ya fọ́tò kiri láti ọjọ́ pípẹ́, ní dúdú àti funfun nìkan, kò sì gbà kí ẹnì kan dá òun dúró.

"Tó o bá máa lọ náà, mú àbúrò rẹ dání," ni bàbá náà sọ. "Ẹ má pe ara yín lórúkọ níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pè yín, ẹ má dáhùn, ẹ má sì bojú wẹ̀yìn. Ohùn ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni wọ́n máa ń sín jẹ."

"Bàbá, mo ti gbọ́."

"O ò tíì gbọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Bí nǹkan bá ṣe Kun-mao, má wulẹ̀ padà wá bá mi nínú ilé yìí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Su-chiao wọra. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì gun alùpùpù.

Lójú ọ̀nà ni Kun-mao ti sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀dùnkún, ó sì sọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀gá. Eré ni gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọkọ̀ èrò méjì ló kù, tí wọ́n so kọ́ra, koríko sì ti bo ẹsẹ̀ wọn. Ti iwájú ni wọ́n wọ̀. Ewéko ti hù lórí àga onípákó, awọ tí èrò máa ń dì mú sì ṣì rọ̀ láti òkè. Ooru inú rẹ̀ kọjá sísọ.

"Ọ̀gá, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá máa ya èmi àti ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọ̀ sí i. Mi ò fẹ́ kó dà bí ìsìnkú."

"Kí ẹnì kan kọ́kọ́ gbà láti fẹ́ ọ ná, Ọ̀dùnkún."

Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ pẹ́ ní ṣíṣí kí ìmọ́lẹ̀ tó ráyè wọlé, bí ẹnì kan bá sì gbé ẹsẹ̀ pẹ́nrẹ́n, pákó á mì, àwòrán á bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Su-chiao ti tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì dúró gbagidi, wọn ò sọ̀rọ̀.

Pákó dún nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn. Ó dún lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń rọra tẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan fọ́ gbàù, ohun kan sì já lulẹ̀ wìì.

"Irin tó ti dípẹtà ni," ni Kun-mao wí. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Lo Su-chiao."

Orúkọ rẹ̀ ni, pẹ̀lú orúkọ ìdílé, bí bàbá wọn ṣe máa ń pè é nígbà tí inú bá ń bí i. Ohùn bàbá wọn náà sì ni, àfi pé ó fẹ́lẹ́, ó sì dà bí ẹni pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ̀rù ba Su-chiao. Ó di ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Má bojú wẹ̀yìn."

"Bàbá nìyẹn."

"Bàbá wà nílé."

"Lo Kun-mao," ni ohùn náà wí. "Ẹ wá."

Kun-mao la ẹnu láti dáhùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, ó sì ń tì í níwájú. "Má dáhùn. Mo bẹ̀ ọ́, má dáhùn." Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, Kun-mao fi irin há ilẹ̀kùn. Ohùn náà ṣì ń pè wọ́n nígbà tí alùpùpù gbéra. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀.

Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kì í lọ sílé tààrà, kí ohun tó rí má baà bá a wọlé. Wọ́n yà sí tẹ́ńpìlì, wọ́n sun tùràrí. Láti ibẹ̀, wọ́n lọ jókòó sílé olóúnjẹ kan tí èrò kún, nítorí àwọn Arákùnrin Rere kò fẹ́ràn ariwo. Òjò ńlá rọ̀. Wọ́n dúró kó dá.

"Ẹ jẹ́ ká fóònù sílé," ni Kun-mao sọ. "Kí n kàn gbọ́ ohùn Bàbá, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

"Kí wọ́n tún máa sọ pé àwọn ti sọ? Jẹ núdù rẹ."

Ó jẹ ẹ́. Su-chiao ń wo bó ṣe ń jẹun, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀, nítorí àbúrò rẹ̀ pé, kò fara pa. Ó tiẹ̀ tún bu ẹran tirẹ̀ fún un.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n délé. Ìyá wọn ló ṣílẹ̀kùn.

"Màámi, ọmọ yín rèé," ni Su-chiao wí, ó sì ti Kun-mao síwájú. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ sọ fún Bàbá pé nǹkan kan ò ṣe é."

"Bàbá yín dà?" ni ìyá wọn bi í, ó ń wo ojú ọ̀nà lẹ́yìn wọn. "Ọkàn wọn ò balẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ lọ, ni wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé yín, wọ́n ní àwọn ò ní pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, pé àwọn á kàn rọra gba ẹ̀yìn wọlé, káwọn jókòó tì yín títí ẹ máa fi ṣe tán."