Mẹ́wàá Kí Ni?

Wẹ́dà kan wà tó mọ iṣẹ́ irin dáadáa, àmọ́ ìbéèrè kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Tí nǹkan bá rú u lójú, á gbé ìbéèrè náà mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì, á ní, "Nọ́ńbà ni nọ́ńbà." Bó ṣe di Nọ́ńbà nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé, ló bá ní kí bàbá òun fi irin ká fàráńdà òkè, kí ọmọ má bàa já bọ́. Ó kọ ọ́ sí bébà: àlàfo àárín irin kan sí èkejì, 10.

Etí kan téèpù tí wọ́n fi ń wọ̀n irin jẹ́ íǹṣì, etí kejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà. Sẹ̀ǹtímítà lọmọ rẹ̀ lò. Nọ́ńbà ò wo etí yẹn rí láti ọgbọ̀n ọdún.

Bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yọjú sí bébà. "Ọ̀gá, mẹ́wàá kí ni? Ẹ ò ṣe pe ọmọ yín?"

Fóònù wà lápò Nọ́ńbà. "Kí n pe ọmọ tí mo kọ́ ní ení, èjì, kó wá kọ́ mi ní ìṣirò?"

Íǹṣì ló fi ṣe é. Nígbà tó jó irin náà tán, bíríkìlà ti orí bọ àárín rẹ̀, ó sì yọ ọ́ wẹ́rẹ́. "Ewúrẹ́ á gba ibí kọjá o."

"Ọmọ mi ò sin ewúrẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Lóòótọ́, kò sin ewúrẹ́. Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n kó wọlé, bọ́ọ̀lù ọmọ náà yí gba àárín irin kọjá, ọmọ sì tẹ̀ lé e.

Kò kú. Àmọ́ dókítà ní ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn ò ní rìn mọ́.

"Bàbá, mẹ́wàá ni mo kọ."

"Mẹ́wàá ni mo ṣe, ọmọ mi."

Nọ́ńbà gé gbogbo irin náà, ó tún un jó ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá géérégé. Ta ló kù tó fẹ́ sáré níbẹ̀? Ó bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó jẹ́ kóun rí ọmọ náà. Obìnrin náà ò jẹ́ kó wọlé.

"Ó di mẹ́wàá, Bàbá."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìbéèrè máa jáde lẹ́nu ọkùnrin náà. "Mẹ́wàá kí ni, ọmọ mi?"

"Nọ́ńbà ni nọ́ńbà." Ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́wàá, ó lọ kanlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Oṣù ló ń kà báyìí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò gùn, yálà íǹṣì lẹ fi wọ̀n ọ́n tàbí sẹ̀ǹtímítà. Nọ́ńbà lásán lórí bébà ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá kọ ọ́, kó kọ ohun tó fi wọ̀n ọ́n mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ fún, kó béèrè. Ìtìjú ìbéèrè ò ju ẹyọ kan lọ. Ìṣẹ́jú ni mo wí o, kì í ṣe ọdún.