Ìlà Pupa Ara Ìkòkò Ooru

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé òpin. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ jókòó sí.

1.

Alágbàfọ̀ kan wà, Ọwọ́yá ni wọ́n ń pè é, torí kí ẹlòmíràn tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, òun ti lọ mẹ́ta. Ìkòkò irin ńlá kan ló ń se omi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ooru rẹ̀ ló fi ń lọ aṣọ. Aago kan wà lára ìkòkò náà tó ń fi agbára ooru hàn. Wọ́n fa ìlà pupa sí i, wọ́n kọ "LIMIT" sábẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ aago bá ti kọjá ìlà yẹn, ìdérí kékeré orí ìkòkò á ṣí, á máa pariwo, fìììì! títí ooru àpọ̀jù á fi jáde.

Ariwo yìí ni Ọwọ́yá kórìíra. Bó bá ti dún, ooru á relẹ̀, iṣẹ́ á falẹ̀.

2.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, wá gba aṣọ.

"Àǹtí mi," Ọwọ́yá béèrè, "kí ni ọ̀rọ̀ abẹ́ ìlà pupa yìí ń wí gan-an?"

"Límíìtì ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sójú títì, eré ọkọ̀ ò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá fún àwọn ọmọ ní wákàtí kan fún ìdánwò, límíìtì wọn nìyẹn. Àwọn kan tiẹ̀ ń fi sọ pé sùúrù àwọn ti tán. Ibi yòówù kó ti jẹ yọ, ohun kan náà ló ń sọ: o ti dé ibi tó yẹ kó o dúró."

Ọwọ́yá bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn ọ̀lẹ ni wọ́n kọ ọ́ fún!"

"Àbúrò mi, ìkòkò ò mọ ọ̀lẹ, kò mọ akínkanjú."

3.

Ilé ìtura kan kó igba aṣọ ibùsùn wá, ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sì fẹ́ kó o. Ọwọ́yá kò lè dúró lójú kan. Ó lọ aṣọ, ó wo aago ògiri, ó sáré wo ojú ọ̀nà, ó tún padà. Fìììì! Ooru relẹ̀. Ó tún gbóná. Fìììì!

"Ìwọ ìkòkò yìí, ẹkún òkú ta lò ń sun?"

Ó gbé áyọ̀ọ̀nù àtijọ́ kan tó wúwo, ó gbé e lé ìdérí náà lórí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ìyàwó rẹ̀, tó lóyún oṣù mẹ́jọ, yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. "Ọkọ mi, kí ló dé tí ò dún mọ́? Ẹ̀rù ń bà mí o."

"Mo ti pa á lẹ́nu mọ́. Padà sídìí aṣọ tó ò ń sá."

Ọwọ́ aago kọjá ìlà pupa, ó ń gbọ̀n. Ọwọ́yá rí i.

"Ó ku ogún aṣọ péré," ló wí.

Ìkòkò bú gbàmù.

4.

Ògiri kan wó. Ìyàwó rẹ̀ yè, torí ẹ̀yìnkùlé ló wà. Ọwọ́yá náà yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì di. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́, ó rí ẹnu ọmọ tó là, ó rí omijé, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọmọ yẹn ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Bó bá fẹ́ pe bàbá rẹ̀, aṣọ ló ń fà. Ọkùnrin tí kò lè fara da ariwo ìṣẹ́jú kan ló wá ń wá ariwo kiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohunkóhun tó bá ń ké pé ó tó, ẹ má ṣe dì í lẹ́nu: ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ìbáà ṣe ara yín, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá mọ̀ tó ń kánjú.

Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.