Òfin Tó Wà Lódìkejì Afárá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ibi tó ń lọ ló ṣe pàtàkì.

“Mọ́mì, ṣé òùngbẹ máa ń gbẹ òfin?”

Ọmọ mi obìnrin ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Mo wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wo àwo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, rọra gbé ṣíbí kalẹ̀.

1.
Àǹtí Fínjú là ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu. Ilé oúnjẹ rẹ̀ ní ìlú wa mọ́ débi pé èèyàn lè fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe dígí. Nígbà tí ìjọba ìlú wa fòfin de sítíróò oníke tí wọ́n fi ń fa ohun mímu, kí òfin tó mú ẹnikẹ́ni ló ti kó tirẹ̀ dànù, tó fi oníwèé rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Orí mi wú, ó sì ń wú títí di òní.

2.
Ó wá kó gbogbo ohun tó ní jọ, ó ṣí ilé oúnjẹ kejì ní ìlú tó wà lódìkejì afárá. Agbáwo tó gbà síṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ ìlú náà, kìlọ̀ fún un.

“Ọ̀gá mi, òfin tiwa yàtọ̀ o. Wọn ò fẹ́ ká kó sítíróò oníke sórí tábìlì, àmọ́ dandan ni ká ní díẹ̀ nípamọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè gbé ife.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín. “Tiwa le ju tiyín lọ. Ẹni tó gun òkè, ṣé ebè ló máa wá ṣòro fún un?”

Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri: KÒ SÍ IKE NÍBÍ.

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n. Sítíróò oníwèé rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún oníke kan péré.

“Ẹ wo ara ògiri, mà,” ni Àǹtí wí, etí gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ. “Àwa kì í tẹ òfin lójú níbí.”

Bàbá gbìyànjú láti gbé ife fúnra rẹ̀. Omi ọsàn dà sí i láyà.

“Ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ,” ló wí. “Òùngbẹ ò ní pa mí kí n tó délé.”

Ọmọ náà lọ fẹjọ́ sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n ní kí Àǹtí mú sítíróò tó fi pa mọ́ fún aláìlera wá. Fọ́tò àmì-ẹ̀yẹ ló nà sí wọn.

“Tìlú yín nìyẹn, mà,” ni ọ̀gá wọn dá a lóhùn. “Tibí ńkọ́?”

Dípò kó bẹ̀bẹ̀, ó ń bá wọn jiyàn. Wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa. Onílé ti gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹlòmíì báyìí.

4.
Ibi tí Àǹtí sọ ọ́ dé fún wa nídìí oúnjẹ nìyẹn tí ọmọ mi fi béèrè ìbéèrè rẹ̀. Àǹtí ní, “Lọ́la, màá lọ bẹ bàbá yẹn.”

“Wọn ò ní torí ẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù padà o,” ni ọkọ mi wí.

“Ta ló ń sọ ti ṣọ́ọ̀bù? Bàbá ni mò ń lọ wò.”

Orí mi tún wú, ó ju ti ọjọ́ àmì-ẹ̀yẹ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò kọjá ìlú yín, ẹ ka òfin ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi ìyìn tí wọ́n yìn yín nílé di etí sí ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ má sì di òfin mú títí tí ẹ ò fi ní rí èèyàn mọ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni.

Ní báyìí, Àǹtí ti ń hanrun nílé wa. Ó fínjú lójú oorun pàápàá. Ife omi tí ọmọ mi gbé sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ti ṣófo. Gbogbo ilé ti sùn.