Ìgbà Tí Wọ́n Bá Ti Gé Ọkà

Àmọ̀pé ló máa ń sọ ìgbà tí Ayọ̀dèjì, ọmọ ẹ̀ tó wà l'Ékòó, lè wá sílé. Látìgbà tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, ọkà bàbà máa ń ga ju èèyàn lọ lọ́tùn-ún lósì láti Bàbáńlá dé Oro-Ago, ìlú wọn. Ẹni tó bá lúgọ sínú ẹ̀, ojú ò lè tó o. "Jẹ́ kí ọyẹ́ dé, kí wọ́n gé e ná," ló máa ń wí. Ayọ̀dèjì ò bá a jiyàn rí. Inú ọkà yẹn náà ló ti ń lé ẹyẹ nígbà tó wà ní kékeré.

Oṣù kẹwàá ni báyìí. Òjò rọ̀ lánàá. Àlejò méjì wà nílé Àmọ̀pé látàárọ̀. Wọn kì í ṣe ará ibẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ Ayọ̀dèjì làwọn, àwọn fẹ́ bá a ṣòwò. Ọ̀kan jókòó tì í ní pálọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Èkejì wà ní yàrá pẹ̀lú ọkọ Àmọ̀pé. Kò sí ohùn níbẹ̀. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní títì.

"Ẹ pè é, Màmá," àlejò wí. "Ẹ fi sí sípíkà."

Àmọ̀pé pè é.

"Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"O ò pè wá mọ́. Ìyàwó ẹ ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ ni?"

Ayọ̀dèjì rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n fẹ́ rí ẹ. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀."

"Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí? Ọkà wá ńkọ́?"

Àmọ̀pé wo ojú fèrèsé. Ọkà Ràfátù, aládùúgbò ẹ̀, dúró gbagidi lẹ́yìn ilé. Ó tutù yọ̀yọ̀, kò tíì gbó.

"Wọ́n ti gé e," ó wí. "Gbogbo ẹ̀ ti wọlé. Ojú ọ̀nà mọ́ fo."

Àlejò dáwọ́ ẹ̀pà jíjẹ dúró. Ó wo fèrèsé, ó wo Àmọ̀pé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ayọ̀dèjì tún béèrè. "Ṣé ọyẹ́ náà ti dé ni?"

"Ó ti dé. Ètè mi ti ń là. Gbé aṣọ òtútù dání, kó o má wá máa gbọ̀n bí adìyẹ tójò pa."

"Ṣé kí èmi nìkan wá?"

"Ìwọ nìkan. Ọ̀nà tó o máa ń gbà náà ni kó o gbà."

"Ó dáa, Màámi. Mo ń bọ̀. Ẹ gúnyán dè mí."

Àmọ̀pé pa fóònù. Àlejò na ọwọ́, ó gbà á, ó fi sápò.

"Ẹ mọ irọ́ pa o, Màmá. Ọyẹ́, nínú òjò."

"Tí mi ò bá pa á, kò ní wá. Ẹ̀rù ọ̀nà máa ń bà á."

"Ó ti pẹ́ l'Ékòó jù. Kò mọ nǹkan kan nípa oko mọ́."

"Kò mọ nǹkan kan," Àmọ̀pé wí.

L'Ékòó, Ayọ̀dèjì ò tíì gbé fóònù sílẹ̀: ó ti pe Abdulkadir, olórí àwọn ọdẹ Oro-Ago, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ajínigbé wà nílé wa, ìyá mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi."