Irin Títẹ̀ àti Àwo Obì

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò dá mi lójú bóyá ìgbéraga ni kí n pe àbùkù Látúndé, tàbí ìkánjú lásán. Ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀, kí ẹ bá mi dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni ọkùnrin yìí ń gbé. Ó ní ẹ̀rọ kan lẹ́yìnkùlé tí ń mú igi yí bírí, tí òun yóò sì fi irin mímú gbẹ́ igi náà di àwo. Ọ̀pá irin gbọọrọ kan wà níwájú igi, èyí tí ó ń gbé irin ìgbẹ́gi lé kí ọwọ́ má baà gbọ̀n. Àbúrò rẹ̀ ra ọ̀pá mìíràn fún un, títẹ̀ bí ìwọ̀, tí ó lè wọ inú àwo lọ. Látúndé kò tilẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí.

Nígbà tí ìdána Ìbídùn ọmọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó mú ìtì kan ṣoṣo tí ó kù lára igi agbálùmọ̀ tí ìyá rẹ̀ gbìn kí ó tó kú. Àwo tí wọn yóò fi gbé obì ni ó fẹ́ fi ṣe. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó dán. Ó wá ku inú.

Ìyàwó rẹ̀ bojú wo páálí láti ìdí ààrò. “Bàbá Ìbídùn, ṣé ibẹ̀ ni irin yẹn yóò gbó sí ni?”

“Ṣé mo ti di arúgbó tí ń tẹ̀pá ni? Ọwọ́ mi tó mi.”

Bí ó ti ń gbẹ́ inú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu irin rẹ̀ ń jìnnà sí ọ̀pá gbọọrọ náà, títí kò fi sí ohun tí ó gbé e ró mọ́. Lójijì, igi há irin mọ́nú: gbàgà! Ètè àwo fọ́, èkúfọ́ rẹ̀ sì fò bọ́ sínú ìkòkò ẹ̀fọ́.

“Ẹ ṣeun o,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, “ẹran ti dé.”

Látúndé fẹ́ bínú, ẹ̀rín ni ó pa á. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó yọ irin títẹ̀ náà nínú páálí, ó dè é mọ́ àyè ọ̀pá gbọọrọ, ó sún un wọ inú àwo títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kan igi. Ó fi ọwọ́ yí igi wò kí ó tó tan ẹ̀rọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó gé ètè tí ó fọ́ kúrò, ó sì gbẹ́ inú rẹ̀ tán. Àwo tí ìbá jinnú di pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó gba obì.

N kò tíì mọ orúkọ àbùkù náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ dá mi lójú: ẹni tí ó bá kọ ìrànwọ́ nítorí pé ó gbójú lé ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀, ohun tí ó fẹ́ràn jù ni ó ń fi wewu. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Lọ́jọ́ ìdána, àwọn àna yin àwo náà títí. Látúndé yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́: “Ìyá Ìbídùn, ju páálí yẹn sínú iná. Irin náà kò ní padà síbẹ̀ mọ́.”